Kọ́pì dísìkì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, aago mélòó ló jẹ́ tiẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá, bí oníkálukú ṣe ń gbé e wá nìkan ló yàtọ̀. Server kan wà, ó ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn wà lórí ẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ̀rọ tó gbé e dání ti ń darúgbó tàbí kó jẹ́ pé ààyè ti tán nínú ẹ̀, wọ́n ti ra ẹ̀rọ míì kalẹ̀, ẹ̀rọ gidi tó ṣeé fọwọ́ kàn o, kì í ṣe ti orí cloud, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lórí ti àkọ́kọ́ wà lórí ìkejì láìku nǹkan kan, kí wọ́n má sì pa èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe máa kó báìtì láti ibí dé ọ̀hún ni gbogbo ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà máa ń dá lé, bẹ́ẹ̀ kíkó báìtì ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Aago ni ìṣòro ibẹ̀, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀.

Irinṣẹ́ tí gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni dd. Ó ti wà nínú Unix láti àwọn ọdún 1970, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ máa ní kó ka /dev/sda, ìyẹn dísìkì àkọ́kọ́ náà, láti orí dé ìdí, kó tì í gba inú ssh, ọ̀nà ààbò tí ẹ̀rọ kan fi ń bá òmíì sọ̀rọ̀, kí dd míì tó wà lọ́hùn-ún máa kọ ọ́ sórí dísìkì tuntun, ó tán. Kò mọ fáìlì, kò mọ fódà, kò mọ̀ bóyá ibi tó ń kà yẹn ní nǹkan nínú àbí ó ṣófo, báìtì nìkan ló mọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí pé ohun tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe náà ló máa ṣe, kò ní fi tiẹ̀ kún un. Tí dísìkì bá ń sinmi, bóyá ẹ fi USB búùtù ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń kọ nǹkan sórí ẹ̀, ohun tó máa dé ọ̀hún máa rí bí ti ibí gẹ́lẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ rárá.

Àmọ́ dísìkì tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 1 gígábíìtì, ohun tó lè gbé jù ní sẹ́kọ́ńdì kan ni 125 mẹ́gábáìtì, lójú ayé ó máa ń tó 110 tàbí kó fi díẹ̀ lé e. Dísìkì 1 tẹ́rábáìtì máa gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru, iwájú dísìkì tẹ́ ẹ kà jẹ́ ti aago méjì, ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ ti aago mẹ́rin ààbọ̀, gbogbo ohun tó wà láàárín sì ní aago tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ro ilé ńlá kan tó ní yàrá ogún, wọ́n ní kẹ́ ẹ ka àwọn ọmọ inú ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́ ẹ̀ ń bọ̀ sí ìgbẹ̀yìn, àwọn ọmọ sì ń sáré kiri. Ọmọ tẹ́ ẹ ti kà ní yàrá kejì ti sá lọ sí yàrá kejìdínlógún kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ máa kà á lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó wà ní yàrá ìgbẹ̀yìn ti sá wá sí yàrá àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀, ẹ ò ní rí i kà rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí dísìkì nìyẹn. Ní aago méjì, dd ka ibi tí filesystem, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú fáìlì lórí dísìkì, kọ ọ́ sí pé fáìlì báyìí wà ní búlọ́ọ̀kù báyìí, nígbà tó máa fi dé búlọ́ọ̀kù yẹn ní aago mẹ́rin, wọ́n ti pa fáìlì náà rẹ́, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù ẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹlòmíì yẹn sì ti kọ nǹkan tiẹ̀ síbẹ̀. Nínú kọ́pì tẹ́ ẹ gbé lọ, orúkọ ẹnì kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ẹlòmíì ló wà nínú yàrá. Kò sí aago kankan tí dísìkì àkọ́kọ́ rí báyẹn rí.

Ibí yìí ni ẹnì kan máa ń sọ pé ṣebí ext4, filesystem tó wọ́pọ̀ lórí Linux, ní journal, ìwé tó máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí kó tó ṣe é, ṣebí tí iná bá lọ lójijì server máa ń tún ara ẹ̀ ṣe tó bá jí, kí ló dé tí kọ́pì yìí ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn ẹ̀ dáadáa. Tí iná bá lọ, gbogbo dísìkì ló dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú, ẹ̀yìn, journal, gbogbo wọn dúró ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo, irú ìjàǹbá yẹn gan-an ni wọ́n ṣe journal fún. Kọ́pì tó gba wákàtí méjì ààbọ̀ kò jọ ìyẹn rárá, torí journal fúnra ẹ̀ wà níbì kan lórí dísìkì, aago tí dd kọjá níbẹ̀ ló kà á, ohun tó ń sọ nípa àwọn búlọ́ọ̀kù míì kò bá ohun tó wà nínú wọn mu mọ́. Tí kernel, ọkàn Linux fúnra ẹ̀, bá wá fi journal yẹn tún nǹkan ṣe lórí ẹ̀rọ tuntun, òun náà máa tún un ṣe sí ibi tí kò yẹ. Ẹ sì má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ohun tí server ti kọ ló ti dé orí dísìkì, Linux máa ń jẹ́ kí ohun tuntun wà nínú mẹ́mórì fún bí 30 sẹ́kọ́ńdì kó tó tì í jáde, ẹni tó bá ń ka dísìkì tààràtà látẹ̀yìn filesystem ò ní rí ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni pé ó lè búùtù. Ká ní kì í búùtù ni, ì bá sàn, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé kò dáa, wọ́n á tún un ṣe. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa búùtù, fsck, irinṣẹ́ tó ń yẹ filesystem wò, á pariwo díẹ̀, á kó àjákù tí kò mọ ibi tó ti wá sínú fódà lost+found, wọ́n á wọlé, ojú ìwé á ṣí, gbogbo ẹ̀ á dà bí ẹni pé ó dáa, ó wá di oṣù mẹ́ta kí ẹnì kan tó wá wá ìwé kan tó fi pamọ́, kó ṣí i kó rí i pé ìdajì ẹ̀ jẹ́ ti fáìlì míì. Fsck ò mọ ohun tó wà nínú fáìlì, ètò ilé ló ń yẹ̀ wò, kì í yẹ ẹrù wò. Nígbà yẹn dísìkì àtijọ́ ti lè di èyí tí wọ́n ti nù mọ́. Iṣẹ́ àwọn èèyàn ló wà lórí dísìkì yìí, owó oṣù wọn, ìwé wọn, àwòrán ọmọ wọn, mi ò lè fara mọ́ ọn kí ẹnì kan máa fi ìrètí kó o.

Torí náà ohun tí mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ni pé aago mélòó lẹ fẹ́ kí kọ́pì yín jẹ́ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn ìyẹn, irinṣẹ́ máa fúnra ẹ̀ yọjú.

Tí server bá wà lórí LVM, ètò Linux tó ń pín ààyè dísìkì, snapshot, ìyẹn àwòrán dísìkì ní aago kan ṣoṣo, ló wà fún irú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pàṣẹ lvcreate -s, kernel máa dá filesystem dúró fún ìṣẹ́jú àáyá, á ti gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì jáde sórí dísìkì, á sàmì sí aago yẹn, á tún ṣí i pa dà kí iṣẹ́ máa lọ. Láti ìgbà yẹn, búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí pa dà, wọ́n á kọ́kọ́ kó ohun àtijọ́ inú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó kọ tuntun. Snapshot á dúró sójú kan bí server ṣe ń sáré lọ, ẹ lè fi wákàtí méjì ààbọ̀ yín kà á, ẹ lè fi mẹ́wàá kà á, aago kan náà ni. dd tó jẹ́ pé kò wúlò lórí dísìkì tó ń sáré wá di ọ̀rẹ́ yín pa dà, /dev/vg0/snap lẹ máa ní kó kà. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí yẹn ní ìwọ̀n o. Tó bá kún kẹ́ ẹ tó parí, snapshot ti bàjẹ́ nìyẹn, server ò ní ní ìṣòro kankan ṣùgbọ́n kọ́pì yín dòfo, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un láàyè tó pọ̀, kẹ́ ẹ máa fi àṣẹ lvs wò ó lóòrèkóòrè bó ṣe ń lọ. Ìṣòro tó sì wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó fi server yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ti fún root, ibi tí Linux fúnra ẹ̀ wà, ní gbogbo dísìkì, kò ku ààyè kankan nínú volume group, àpapọ̀ ààyè tí LVM ń pín, tí snapshot máa dúró sí. Tí ọwọ́ yín bá wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣètò server tuntun lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù síbẹ̀.

Àwọn tó wà lórí ZFS, filesystem tó ní snapshot tiẹ̀ nínú, jẹ̀gbádùn jù wá lọ. Snapshot kan, zfs send, zfs receive lọ́hùn-ún, tó bá parí wọ́n á ṣe snapshot míì, wọ́n á fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì nìkan ránṣẹ́, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Lórí Windows, Volume Shadow Copy ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ayé Windows Server 2003, ohun tí Disk2vhd, irinṣẹ́ tó ń ṣe kọ́pì dísìkì, ń lò nìyẹn, ohun tó dáa nínú tiẹ̀ ni pé ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn ètò tó bá mọ̀ ọ́n pé ẹ parí ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, mo fẹ́ mú àwòrán.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ database, mo sì ní èrò tó le lórí ẹ̀. Snapshot tó mú aago kan ṣoṣo, lójú PostgreSQL tàbí InnoDB ti MySQL, ó rí bí ìgbà tí iná lọ. Wọ́n ṣe wọ́n láti la ìyẹn kọjá, wọ́n á ka log wọn, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí, wọ́n á tún ara wọn ṣe, ó dáa, bí data àti log bá ṣáà wà nínú snapshot kan náà. Tí data bá wà lórí volume kan, tí log wà lórí òmíì, tẹ́ ẹ wá mú snapshot wọn ní ìṣẹ́jú méjì síra, ẹ ti pa dà sínú ilé oníyàrá ogún. Ní tèmi, mi ò kì í fẹ́ kí database gba ọ̀nà dísìkì kọjá rárá. PostgreSQL ní pg_basebackup tó ń ṣe kọ́pì ẹ̀, ó ní replication, ìyẹn ni pé ẹ lè gbé tuntun dìde lórí ẹ̀rọ kejì kó máa tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ bó ṣe ń lọ, tí ọjọ́ bá pé kẹ́ ẹ sọ tuntun di ọ̀gá. MySQL náà ní tiẹ̀. Àwọn tó kọ database yẹn ló mọ ohun tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kan ti parí, dísìkì ò mọ̀ ọ́n.

Fún ìyókù, rsync, irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì láti ẹ̀rọ kan dé òmíì, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà wọ́n nímọ̀ràn. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde lọ́dún 1996, ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ aago yìí mu gan-an: kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá tún dé, ohun tó yí pa dà nìkan ni kó kó. Ẹ sá rsync àkọ́kọ́ nígbà tí server ń ṣiṣẹ́, kò ṣe nǹkan tí ìyẹn bá gba gbogbo òru, tí ohun inú ẹ̀ ò sì bára mu. Ẹ wá mú aago kan, ẹ sọ fáwọn èèyàn, ẹ dá àwọn iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì dúró, ẹ sá a lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú --delete, kó lè pa ohun tí kò sí lórí ti àkọ́kọ́ mọ́ rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló ń sọ ọ́ di òótọ́, ó sì kúrú ní tiẹ̀ torí ohun tó kù ò pọ̀. Ẹ ṣọ́ àwọn àmì tẹ́ ẹ̀ ń fi sí i o, -a nìkan ò tó. -H fún hard link, ìyẹn fáìlì kan tó ní orúkọ ju ẹyọ kan lọ, -A fún ACL, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹni tó láṣẹ lórí fáìlì, -X fún àwọn nǹkan tó so mọ́ fáìlì lẹ́yìn bí àmì SELinux àti àṣẹ àkànṣe tí setcap ń fúnni, àwọn ètò kan wà tí ìyẹn bá sọ nù, wọ́n á kàn kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tí ẹ ò ní mọ ìdí ẹ̀. --numeric-ids torí ẹ ò fẹ́ kó máa wá orúkọ oníṣe lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi USB búùtù. Ẹ sì yọ /proc, /sys, /dev àti /run kúrò, ìyẹn kì í ṣe ohun tó wà lórí dísìkì, kernel ló ń dá wọn lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ti tan àwọn jẹ, torí ọ̀nà yìí ṣì dá iṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dá a dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ ti kéde ẹ̀ ṣáájú, mo fara mọ́ ọn ju kọ́pì tí kò dá iṣẹ́ dúró àmọ́ tí kò sẹ́ni tó lè búra fún. Ó tún ní àǹfààní tí dd ò ní: dísìkì tuntun lè kéré ju ti àkọ́kọ́ bí ohun inú ẹ̀ bá gbà á, filesystem lè yàtọ̀, àwọn fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sì ní bá yín lọ. dd máa ń kó ìyẹn dání, títí kan páásíwọọ̀dù tí ẹnì kan rò pé òun ti pa rẹ́. Ẹni tó bá sì ń fi netcat, tí kì í bo ọ̀rọ̀ bíi ti ssh, gbé e, kó rántí pé gbogbo ohun tó ń kọjá nínú wáyà yẹn wà ní gbangba.

Ẹ ti wá kó o dé, ẹ̀rọ tuntun ò sì fẹ́ jí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Lórí UEFI, ètò tó ń jí ẹ̀rọ òde òní, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ máa búùtù wà nínú mẹ́mórì kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù, kò sí lórí dísìkì, kò bá yín wá. Ẹ fi USB búùtù, ẹ gbé dísìkì tuntun lé /mnt, ẹ so /dev, /proc àti /sys mọ́ ọn, ẹ fi àṣẹ chroot wọ inú Linux tó wà lórí ẹ̀, ẹ tún grub, ètò tó ń gbé Linux dìde, fi síbẹ̀. Ẹ wo fstab, ìwé tó ń sọ filesystem tí Linux máa gbé, torí èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní UUID tuntun, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀. Ẹ tún initramfs, àkójọ kékeré tí kernel kọ́kọ́ ń lò tó bá ń jí, kọ, torí àwọn Linux bíi Fedora àti RHEL máa ń kó dráífà ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ wọn nìkan síbẹ̀, tí ẹ̀rọ tuntun bá ń lo NVMe tàbí RAID míì, kernel á jí, á wá root tì. Orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yí pa dà, ohun tó ń jẹ́ enp3s0 ti di eno1, server á dìde pé ṣáṣá, kò sì sẹ́ni tó lè kàn sí i, nítorí náà ẹ jókòó ti kíbọ́ọ̀dù àti ojú ìwòran ẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá lo dd láti dísìkì tó ń ka 512 báìtì lẹ́ẹ̀kan sí èyí tó ń ka 4096, tábìlì GPT, ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe pín dísìkì sí, á sọ nù lójú ẹ̀, kì í ṣe pé kọ́pì ò dáa, ibi tó yẹ kó wà ló yí.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò ní jẹ́ kó kọjá. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀ gbà pé òun gan-an ni server àkọ́kọ́, ó ní orúkọ ẹ̀, IP ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ssh ẹ̀, machine-id ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, ó sì ní gbogbo cron ẹ̀, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe fúnra ẹ̀ tí aago bá pé. Bó ṣe ń jí, tí aago iṣẹ́ bá pé, ó máa fi íméèlì ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, ó máa pe bánkì láti gba owó, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà sì ń ṣe é. Gbígba owó lọ́wọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fi rsync tún ṣe. Tó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ máa kú ni, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ssh wà bó ṣe wà, kí ìkìlọ̀ má máa já àwọn èèyàn láyà. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n máa wà láyé, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tuntun, ẹ pa machine-id rẹ́ náà, torí àwọn server kan wà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń tọrọ IP lọ́wọ́ DHCP, ètò tó ń pín IP, méjì á wá máa jà lórí IP kan. Ẹ má sì ki dísìkì àkọ́kọ́ àti kọ́pì tẹ́ ẹ fi dd ṣe bọ inú ẹ̀rọ kan náà láìronú, filesystem XFS á kọ̀ láti gbé ìkejì torí UUID wọn bára mu, LVM náà á ké.

Tí ẹ bá ti yí àwọn èèyàn sórí tuntun, aago míì tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn, dísìkì àtijọ́ ń dúró sẹ́yìn, gbogbo ohun tó bá wọlé sórí tuntun kò sí lórí ẹ̀ mọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, pípadà sí i ṣì rọrùn, ohun tó máa sọ nù ò pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, pípadà túmọ̀ sí kẹ́ ẹ sọ iṣẹ́ ọjọ́ méjì nù tàbí kẹ́ ẹ kó o pa dà pẹ̀lú ọwọ́. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti fẹnu kò ṣáájú pé tó bá di aago báyìí a ò pa dà mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó láṣẹ láti sọ ọ́ sílẹ̀. Ti àtijọ́ náà, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n nù ún kíá. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ òpin oṣù máa fi kọjá lórí tuntun ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, torí iṣẹ́ tí kì í ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹnikẹ́ni kì í rántí dán wò.